Ìlù Tí Èjìká Púpọ̀ Gbé

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a kà níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá kan ní Àbújá

Alága wa ọlọ́lá jùlọ. Ẹ̀yin orí adé tí ẹ wà níjokòó, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀, kí ìrùkẹ̀rẹ̀ ó di okinni. Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà. Ẹ̀yin aṣáájú ẹ̀sìn, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́. Ẹ̀yin Gbagyi onílé, tí ẹ fi ilẹ̀ baba yín gba gbogbo wa lálejò. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tí ẹ jókòó sórí ẹní níwájú níhìn-ín: mo dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, mo sì kí ọmọdé. Mo júbà Àyàn Àgalú, asọ̀rọ̀-igi. Mo júbà ọ̀gá mi tí ó ti wọ káà ilẹ̀ lọ, ẹni tí ó fi ọwọ́ rẹ̀ mú ọwọ́ mi lé ojú awọ. Bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu fún un. Kí àwùjọ yìí jọ̀wọ́ lanu fún mi.

Nígbà tí ìwé ìpè yín tẹ̀ mí lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yẹ orúkọ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ wò, nítorí mo rò pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì ni ẹ fi í ránṣẹ́ sí, tí ó wá ṣìnà dé ọ̀dọ̀ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí, ìlù sì ni iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ohun tí ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tí í ṣe ọpẹ́ tí ó tọ́ sí ẹni tí ó ra ohun èlò orin fún olórin, mo mọ̀ pé ìwé náà kò ṣìnà. Ẹ̀yin tí ẹ pè mí yìí gan-an ni ẹ ra ìyáàlù tí ó wà lórí tábìlì yìí fún mi ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Àwọn àgbà sì ti wí pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni; bí mo bá kọ̀ láti wá, ọwọ́ ara mi ni n óò fi kọ orúkọ mi mọ́ ti ọlọ́ṣà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Mo fẹ́ sọ pé fún ẹni tí a ra ohun èlò fún, ọpẹ́ ẹnu jẹ́ ìdajì ọpẹ́. Ìdajì kejì wà ní ọwọ́ ọmọ mìíràn tí kò tíì ní ìlù, olóore kò sì gbọdọ̀ bínú bí ó bá rí i pé ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn ni ọpẹ́ òun gbà lọ. Kí n tó rojọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn rẹ̀.

Bí ìlù ṣe dé ọwọ́ mi

Ilé tí wọ́n bí mi sí kì í ṣe ilé Àyàn. Bàbá mi wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n di ẹrù wọn ní Èkó, tí wọ́n wá tẹ̀dó síhìn-ín lẹ́yìn ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá ọdún 1991, tí olú-ìlú ilẹ̀ wa ṣí wá sí abẹ́ Àpáta Aso. Kúbwà ni wọ́n ti rí ilé gbà, Kúbwà náà ni wọ́n sì bí mi sí. Yorùbá ni à ń sọ nínú yàrá, Haúsá ni à ń sọ lójúde, Gẹ̀ẹ́sì ni à ń sọ nílé ìwé, oríkì orílẹ̀ wa sì wà lẹ́nu ìyá bàbá mi nìkan, ẹni tí à ń rí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ní ọjọ́ kan, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, aládùúgbò wa kan ń sọ ọmọ lórúkọ. Onílù àgbàlagbà kan jókòó sábẹ́ ìbòòji nínú ọgbà, ó ti bi àwọn ará ilé léèrè ìdílé àlejò kọ̀ọ̀kan. Bí bàbá mi ti yọ lẹ́nu géètì, ó dìde, ó fa ọsán ìyáàlù mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi àti awọ pe àwọn baba ńlá bàbá mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi, ẹni tí n kò rí kí ó sunkún rí, kọjú sí ògiri, ó sì fi etí agbádá nu ojú. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ mi wà nínú ọwọ́ rẹ̀, mo sì ń wo onílù náà.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di ọmọ ẹ̀yìn wọn. Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti wá. Màràràbá ni wọ́n ń gbé, lẹ́yìn Nyanya, níbi tí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ti ń jí pẹ̀lú àkùkọ. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ru ìlù tẹ̀lé wọn kí wọ́n tó fún mi ní gúdúgúdú. Ọdún méjì ni mo fi lu gúdúgúdú kí wọ́n tó jẹ́ kí n fi ọwọ́ kan ìyáàlù, ìyẹn náà nígbà tí àwọn fúnra wọn bá fẹ́ jẹun. Ẹ má ṣe rò pé wọ́n rorò. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí òmèlé ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, kò lè mọ ibi tí ìyáàlù ń rè.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, Bàbá papò dà. Àwọn ọmọ wọn wá, wọ́n kó ìlù wọn padà sí Ọ̀yọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ogún Àyàn kì í ṣe ogún àlejò. Mo wá ń yá ìlù lò. Ní Sátidé kan nínú oṣù Kẹsàn-án, níbi ìgbéyàwó kan tí wọ́n ṣe ní pápá gbàǹgbà, òjò ká wa mọ́. Mo fi agbádá bo ìlù, mo fi ara bo agbádá, ṣùgbọ́n ojú awọ ti mu omi, ó ti rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ti wọlẹ̀. Àwọn ará ijó ń kígbe pé kí á máa lù ú. Mo kánjú, mo sún un mọ́ ààrò tí wọ́n fi ń dín ẹran kí ó lè tètè gbẹ, ó sì ya láti etí dé etí, pẹ̀lú ìró kan tí mo ṣì ń gbọ́ lójú oorun. Ìlù onílù ni. Mo ta fóònù mi, mo san owó awọ, olówó ìlù sì ní òun kò yá mi mọ́. N kò dá a lẹ́bi.

Oṣù méje gbáko ni mo fi wà láìní ìlù. Kọ̀ǹgọ́ nìkan ló kù mí kù. Lálaalẹ́ ni mo máa ń fi í lu ẹ̀yìn àga onírọ́bà, tí n óò sì máa fún ìrọ̀rí mọ́ ìhà òsì bí ẹni ń fún ọsán, kí ọwọ́ má baà gbàgbé. Ní àkókò náà, èmi ni mo máa ń to àga fún ìpàdé oṣooṣù yín kí n lè rí owó ọkọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa padà wá mú báàgì tí wọ́n gbàgbé, wọ́n sì bá mi lẹ́nu lílu ẹ̀yìn àga. Wọ́n dúró. Wọ́n ní, “Ọmọ yìí, kí lo ń bá àga sọ?” Mo ní, “Ìyá mi, oríkì ìlú yín ni.” Wọ́n ní kí n tún un lù. Mo tún un lù. Wọn kò sọ ohunkóhun, wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n lọ. Ní ìpàdé tí ó tẹ̀ lé e ni ìwé ìdáwó jáde.

Ìwé náà nìyí lọ́wọ́ mi. Ewé ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé ni, wọ́n fà á ya láàárín, ibi tí irin ti dì í mú sì hàn sí i. Orúkọ mẹ́tàlélógójì ló wà nínú rẹ̀. Bíró aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó gbẹ nídìí orúkọ kẹtàdínlógún, wọ́n sì fi pupa parí rẹ̀. Olóyè kan ló ṣáájú pẹ̀lú ₦50,000. Lẹ́yìn wọn ni ₦20,000, ₦10,000, ₦5,000, títí a fi dé ìlà ìkẹyìn, níbi tí akọ̀wé kọ ọ́ sí pé: “Ìyá alákàrà ẹnu géètì, ₦500.” Ìyá alákàrà kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ yín. Wọ́n ń kọjá lọ ni, wọ́n béèrè ohun tí ẹ ń kó owó jọ fún, wọ́n sì tú ìdí aṣọ wọn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ̀rí rẹ̀ ni mo ká sínú àpò yìí láti ọdún mẹ́fà.

Mo gbé owó náà lọ sí Ọ̀yọ́. Ọmọ ọ̀gá mi ló mú mi dé ọ̀dọ̀ agbẹ́gilù. Mo rò pé n óò sanwó, n óò gbé ìlù, n óò sì wọkọ̀ padà. Ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá náà fi dá mi dúró. Wọ́n fi igi ọ̀mọ̀ hàn mí, bí a ti ń gbẹ́ inú rẹ̀ títí yóò fi fẹ́ ní orí méjèèjì tí ìbàdí rẹ̀ yóò sì tínrín. Wọ́n ní àwọn àgbà fẹ́ràn igi tí ó dàgbà sí etí ọ̀nà, nítorí ó ti gbọ́ ohùn ènìyàn púpọ̀ kí àáké tó kàn án. Wọ́n jẹ́ kí n gbé awọ ọmọ ewúrẹ́ sójú oòrùn, mo sì rí ìka ara mi láti ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí n gán ọsán fúnra mi, okùn awọ kan lẹ́yìn òmíràn, títí ọwọ́ mi fi bó. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n so ṣaworo mọ́ ọn, wọ́n gbé e kọ́ èjìká òsì mi, wọ́n ní, “Ó yá, pe orúkọ àwọn tó rà á.” N kò lè pè é tán. Láti Ọ̀yọ́, gba Ìlọrin, gba Kábà, gba Lọ́kọ́ja, orí itan mi ni ìlù náà wà títí a fi wọ Àbújá lóru.

Owó orí àti owó ọwọ́

Ẹ̀yin àgbà mi, kò sí ìran tí ń fún onílù lówó tó Yorùbá. A ń lẹ owó mọ́ iwájú orí rẹ̀, a ń fọ́n ọn lé e léjìká, a ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹní. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ti wá sọ fífọ́n náírà ká níbi ijó di ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè mú ènìyàn fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán jura tàbí kí ó san ₦50,000 ó kéré tán, tàbí méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ inú rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn wa. N kò kẹ́gàn owó orí, nítorí òun ni mo ń jẹ. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tí í ṣe. Owó orí ń dúpẹ́ lọ́wọ́ onílù nítorí pé ó ti mọ ìlù lù. Ta ni yóò fún un lówó nígbà tí kò tíì mọ̀ ọ́n lù, tí ohùn rẹ̀ ṣì ń dun àwọn ará ilé létí, tí kò sí oríkì tí ó lè kì? Ìyẹn ni mo pè ní owó ọwọ́, òun ló sì ṣọ̀wọ́n láàárín wa.

Ẹ wo I. K. Dairo, ẹni tí wọ́n bí ní Ọ̀ffà ní ọdún 1930, tí ìdílé rẹ̀ sì ti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà wá. Ọwọ́ kúkúrú mú un kúrò nílé ìwé. Ó gẹ irun, ó kiri aṣọ, ó sì ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ kí orin tó gbà á. Ṣùgbọ́n káfíńtà ni bàbá rẹ̀, nígbà tí ó sì wà ní ọmọdé, bàbá náà kan ìlù kan fún un. Ní ọdún 1957 ó dá ẹgbẹ́ olórin tirẹ̀ sílẹ̀, ó gbé ohun èlò orin Òyìnbó alátẹ̀fún tí wọ́n ń pè ní àkọ́díọ̀nù wọ inú jùjú, ó sì jẹ́ pé ní ọdún 1963 ni Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá. Àwọn tó ń ná an lówó nígbà tí ìràwọ̀ rẹ̀ yọ pọ̀ bí eṣú. Ẹni tó kan ìlù fún un, ẹyọ kan ni.

Ẹ sì wo Benjamin Aderounmu, ọmọ ọba Ọ̀wọ̀, tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Kokoro. Ojú rẹ̀ fọ́ ní kékeré. Ó dé Èkó ní nǹkan bí ọdún 1947, ìlù samba kékeré kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń kọrin kiri títí ó fi dàgbà, títí ó fi di ìlú-mọ̀ọ́ká, tí Cyprian Ekwensi fi rí i kọ ìwé fún àwọn ọmọdé. Ọdún 2009 ló jáde láyé. Ẹni tí ó bá sọ owó kan sínú ọwọ́ rẹ̀ ní òpópónà, ó lè rò pé ìtọrẹ ni òun ṣe fún afọ́jú. Kokoro a sì fún un ní orin tí ó pọ̀ ju owó náà lọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan ṣì ń pe àwa onílù ní alágbe. Èmi yóò fi Tìmì Ẹdẹ, Ọba Adétóyèṣe Láoyè, dá wọn lóhùn, ọba tí ó wà lórí ìtẹ́ láti ọdún 1946 títí di 1975, tí ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu ìyáàlù níwájú àlejò dúdú àti funfun. Ọba kò ṣe agbe. Ó mọ̀ pé ohun tó wà lójú awọ kì í ṣe ohun ìtìjú.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára jù lọ ni Ayọ̀ Bánkọ́lé, bóyá nítorí pé òkè ọya níhìn-ín ni wọ́n bí òun náà sí, ní Jọ́ọ̀sì, ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Karùn-ún ọdún 1935. Bàbá rẹ̀ ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Luke's níbẹ̀. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbà rẹ̀ ní Èkó, tí òun náà ń tẹ dùùrù ní First Baptist Church. Dùùrù ilé Ọlọ́run, irú èyí tí ìjọ máa ń dá owó rà, ni ó sì fi mọ iṣẹ́. Ẹ gbọ́ ná: kò sí bàbá kan ní Nàìjíríà ìgbà náà tí ó lè gbé irú dùùrù tí ń fi fèrè ńláńlá fọhùn sí yàrá ọmọ rẹ̀. Ohun tí ó ju agbára ẹnì kan lọ, àwùjọ ló rà á, ọmọ kan sì fi kọ́ṣẹ́. Ní ọdún 1957, ìjọba àpapọ̀ fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ orin Guildhall ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti ibẹ̀, Clare College ní Cambridge gbà á gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ atẹdùùrù wọn. Ní ọdún 1964, àjọ Rockefeller tún ràn án lọ sí Amẹ́ríkà. Ó lè jókòó sí òkèèrè. Ó padà wá sí Èkó ní ọdún 1966. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò, ó kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, ó sì ń kó àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ girama jọ láti kọ́ wọn ní orin kíkọ. Nígbà tí ó kú ní ọdún 1976, ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì péré ni. N kò mọ ọpẹ́ tí ó tún ju àwọn ọmọbìnrin yẹn lọ. Ìjọ tó ra dùùrù lè má mọ orúkọ wọn. Àwọn ọmọ náà lè má mọ ẹni tí ó dá ṣílè kan síbẹ̀. Ọpẹ́ náà dé ibi tí ó ń lọ.

Ní ayé tiwa yìí náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìyá rẹ̀ tan mọ́ Sàró, Sheku Kanneh-Mason ni orúkọ rẹ̀. Sẹ́lò ló ń lò, ohun èlò olókùn ńlá tí à ń gbé sí àárín orúnkún méjèèjì. Ní ọdún 2016, òun ni dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba ipò kìíní nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ olórin BBC, tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún 1978. Ní ọdún 2018 tí gbogbo ayé rí i níbi ìgbéyàwó ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, ó mú pọ́ùn 3,000 fún ilé ìwé tí ó ti jáde ní Nottingham, kí ọmọ mẹ́wàá má baà pa ẹ̀kọ́ sẹ́lò tì nítorí owó. Pọ́ùn 3,000 kò tó nǹkan lójú olówó. Ṣùgbọ́n ẹ ka ọmọ mẹ́wàá náà lójú ara yín.

Ìlù ni o gbà, o kò gba ìjánu

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ṣòro fún mi láti sọ níwájú àwọn olóore mi, síbẹ̀ bí n kò bá sọ ọ́, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kò pé. Oore a máa di okùn. Ẹni tó ra ìlù fún ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé òun ra ẹnu rẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ náà sì lè máa ki olóore kan náà láàárọ̀ lálẹ́ títí oríkì yóò fi ṣá lẹ́nu rẹ̀, tí kò ní í wú ara ilé lórí mọ́. Ìlù tí ó bá dún àdúnjù, yíya ní í ya. Ní ọdún kejì tí mo gba ìlù, ẹnì kan tí n kò ní í dárúkọ ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá fi ìyáàlù náà bú alátakò òun níbi ìpolongo ìbò, nítorí pé òun náà dá owó sí i. Oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Mo gbé ìwé ìdáwó tọ akápò yín lọ. Akápò wò ó, wọ́n ṣẹ́ ẹ po, wọ́n sì fi í sínú àpò mi padà. Wọ́n ní, “Ìlù ni o gbà, o kò gba ìjánu.”

Ọ̀rọ̀ mẹ́jọ yẹn ni mo kà sí ẹ̀bùn kejì. Ẹ dá mi sílẹ̀ kí n lè dúpẹ́ bí ọmọ, kí n má dúpẹ́ bí ìwọ̀fà. Mo sì ń bẹ ẹnikẹ́ni nínú yín tí yóò ṣe irú oore yìí lọ́la pé kí ó kọ ọ́ sí òkè ìwé ìdáwó rẹ̀, kí bíró tó gbẹ.

Èjìká

Ẹ̀yin Gbagyi onílé wa, mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún ohun kan tí ẹ lè má mọ̀ pé ẹ fún mi. Láti kékeré ni mo ti ń rí àwọn ìyá yín tí wọ́n ń bọ̀ láti oko, tí igi ìdáná àti igbá wà léjìká wọn, tí orí wọn sì wà lófìfo, gíga, láìtẹ̀. Wọ́n ní orí ni ọba ara, kò yẹ kí á di ẹrù rù ú. Àwa Yorùbá ń rẹrù lórí, ṣùgbọ́n èjìká ni àwa náà ń gbé ìyáàlù kọ́. Nígbà tí ọjà ìlù náà kọ́kọ́ bọ́ sí mi léjìká ní Ọ̀yọ́, àwọn ìyá yẹn ni mo rántí. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé ẹrù wúwo sọ̀, a máa ń rí ẹlòmíràn tí yóò ti èjìká tirẹ̀ bọ abẹ́ rẹ̀.

Fún ọdún mẹ́rin báyìí, ní ọ̀sán Sátidé tí kò bá sí òde, àwọn ọmọ ń wá bá mi ní Kúbwà. Méjì bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti di mọ́kànlá. Ọmọ Yorùbá, ọmọ Ìgbò, ọmọ Tiv, àti ọmọ Gbagyi kan tí ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti gbogbo wọn lọ. Ìyáàlù kan ṣoṣo yìí ni à ń fi ọwọ́ gbà. Ẹni tí kò bá tíì kàn ń lu orí jálá tí a yọ epo inú rẹ̀. Mo ń kọ́ wọn bí a ti ń fi aṣọ gbígbẹ nu ojú awọ, bí a ti ń dẹ ọsán kí a tó gbé ìlù sùn, àti pé a kò gbọdọ̀ gbé e súnmọ́ iná; èyí ìkẹyìn, mo máa ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kí ọmọ tuntun tó gbé ìlù kọ́, n óò ka orúkọ mẹ́tàlélógójì náà sí i létí. Ọ̀pọ̀ wọn ti mọ̀ ọ́n lórí. Ẹ̀yin olóyè, ẹ kò mọ̀ pé àwọn ọmọdé tí ẹ kò rí rí ń pè yín lórúkọ ní ọ̀sán Sátidé ní Kúbwà.

N kò wá tọrọ ohunkóhun fún ara mi. Ṣùgbọ́n ọmọ Gbagyi tí mo wí yìí jókòó níwájú yín níbẹ̀ yẹn, ní apá òsì, pẹ̀lú ìdí jálá lórí itan rẹ̀. Ọmọ tó káwọ́ sókè ló fẹ́ kí á gbé òun. Ọmọ yìí ti káwọ́ sókè láti ọdún méjì. Mo ti fa ewé ìwé kan ya. Orúkọ mi ló wà ní ìlà kìíní rẹ̀, mo sì ti san tèmi.

Ọpẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Alága ìjókòó yìí fún sùúrù tí wọ́n ní fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ìpè mi dípò kí ó fi fóònù ránṣẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ akápò, fún ọ̀rọ̀ mẹ́jọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá wa tí wọ́n gbàgbé báàgì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ilé ọ̀gá mi ní Ọ̀yọ́, àti lọ́wọ́ agbẹ́gilù tí kò jẹ́ kí n kánjú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi, tí ó sunkún lójú mi. Àwọn mẹ́ta nínú àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé yìí ti sùn. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Bí Alága bá gbà mí láyè, n óò gbé ìlù kọ́ báyìí, n óò sì kí yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí orúkọ ti tò. Ìsàlẹ̀ ìwé ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá alákàrà ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn, wọ́n ní ọwọ́ àwọn ní epo, àwọn kò fẹ́ fi kan àga. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fún wọn láàyè láti wọlé.